Oúnjẹ Tí Rozalí Kò Jẹ

Bí ìyá mi bá pè mí láti Ṣakí, kì í pè mí lóun nìkan. N ó kọ́kọ́ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ àga nílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wí pé, "Mo ti fi ọ́ sórí sípíkà o. Àwọn màmá wà níbí."

Àwọn màmá yẹn ni ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ló rán aṣọ tí mo kó wá, àwọn ló sì yí mi ká lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú pẹpẹ, tí wọ́n ní kí n lọ sìn láàárín àwọn ọmọ tálákà fún ọdún méjì. Ọ̀kan nínú wọn á pariwo pé, "Míṣọ́nnárì wa! Báwo ni iṣẹ́ Olúwa?" Èmi náà á pariwo padà pé, "Ọlọ́run ń ṣe é, mà! Ó ń lọ dáadáa!" Wọ́n á sì pàtẹ́wọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Tàbí kí n sọ ọ́ báyìí: kì í ṣe irọ́ pátápátá. Iṣẹ́ náà ń lọ. Èmi ni mi ò mọ ibi tí mo ń lọ. Nígbà kan, ní oṣù kẹta mi, mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí kúrò lórí sípíkà." Ìyá mi ní, "Kí ló dé? Ta ló ṣe ọ́ ní nǹkan?" Mo mọ iye etí tó wà níbẹ̀. Mo ní, "Kò sí nǹkan, mà. Ariwo ni, mi ò gbọ́ yín dáadáa." Báyìí ni mo ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, tí mo sì tún fi kọ́kọ́rọ́ náà pamọ́.

Gbogbo ará ilé ló ń sọ pé mo wà ní Kútọnu. Lójú àwọn ará Ṣakí, ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá ẹnubodè, Kútọnu ló lọ. Mi ò tíì fojú kan Kútọnu rí. Bantè ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí fún oṣù kan, nílé Pásítọ̀ tó ń darí iṣẹ́ wa ní agbègbè náà, kí etí mi lè mọ́ èdè. Ìṣà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ó jọ Yorùbá tiwa débi pé lọ́jọ́ kìíní mo rò pé mo ti délé. Lọ́jọ́ kejì mo mọ̀ pé mi ò délé. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wà ní yàrá, tí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri: o gbọ́ orúkọ rẹ, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ ni, ṣùgbọ́n o ò mọ̀ bóyá wọ́n ń yìn ọ́ ni àbí wọ́n ń bú ọ.

Ti Faransé tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Faransé ni mo kà ní yunifásítì, ìdí tí wọ́n sì fi yàn mí nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo lọ ra búrẹ́dì. Mo to gbólóhùn mi pọ̀ dáadáa, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí àwọn olùkọ́ wa kọ́ wa. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì gbọ́ mi dé òpin, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó sì fi Ìṣà sọ pé kó wá gbọ́ rédíò. Ìyẹn yé mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n inú mi tún dùn pé ó yé mi. Àtìbínú àtìdùnnú ni mo dì pọ̀ mọ́ búrẹ́dì tí mo gbé e lọ sílé.

Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n mú mi lọ sí Savalou. Ìlú náà tóbi ju Bantè lọ, èdè Mahi ló sì pọ̀ jù lẹ́nu àwọn èèyàn ibẹ̀. Ibùdó wa wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí àwọn tó ti abúlé wá ń háyà yàrá kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ilé onípáànù tó ti dípẹtà. Ilé kan lè ní yàrá mẹ́wàá pẹ̀lú ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, tí wọ́n á sì tún ti ẹ̀rọ náà pa. Àwọn ọmọ ibẹ̀ á ti gbé omi inú ọ̀rá kiri gáréèjì kí wọ́n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á tún gbé e. Àwọn tó wá láti ìhà Bantè nínú wọn ń sọ Ìṣà, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa bójú tó wọn. Tàtá Nàgó ni wọ́n ń pè mí. Tàtá ni àǹtí lọ́dọ̀ wọn. Nàgó sì ni mí, torí mo jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà.

Fèrèsé yàrá mi ní ibùdó kọjú sí ògiri. Ìwé ìrìnnà mi wà ní Bantè lọ́wọ́ Pásítọ̀, torí ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń bá mi ṣe. Kò sẹ́ni tó tì mí mọ́lé. Mo ń sọ ìyẹn fún ara mi láràárọ̀, bóyá nítorí pé mi ò gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ wa rọrùn láti ṣàlàyé. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú àti ní Sátidé, àwọn ọmọ á wá, a ó kọ́ wọn ní ìtàn Bíbélì, a ó wo iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, a ó sì fún wọn lóúnjẹ. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé wa, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ra aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé fún wọn. Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí oúnjẹ, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: ibí la ti ń jẹ ẹ́, a kì í gbé e lọ. Kí n tó dé, àwọn àgbàlagbà kan ti ń gba oúnjẹ náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ nílé. Nítorí náà, òfin tó ní ìdí ni. Mo fara mọ́ ọn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Màmá Kolẹ́tì ló ń se oúnjẹ. Mahi ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì lè jí òkú. Ó gbọ́ Ìṣà díẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá àwọn oníṣòwò díẹ̀, ó sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ Faransé. Bí mo bá dúró tì í jù, á ní, "Nàgó, o ti tún ń ronú. Lọ rò ó níta. Má jẹ́ kó bọ́ sínú ọbẹ̀ mi." Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ná tòmátì ní èdè Mahi. Lọ́jọ́ tí mo ná a tán tí obìnrin tó ń tà á kò fi Faransé dá mi lóhùn, mo gbé tòmátì náà dé ibùdó bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ bọ̀. Màmá Kolẹ́tì yẹ̀ ẹ́ wò. "Ó tà á fún ọ lọ́wọ̀n-ọ́n," ó ní, "ṣùgbọ́n èdè Mahi ló fi rẹ́ ọ jẹ. Ìyẹn dáa." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà omi náà kò dá mọ́, mo sì lọ sínú yàrá mi.

Rozalí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ àgbà ló mú un wá láti Agoua, ní ìhà Bantè, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé yàrá kan nítòsí gáréèjì. Ó mọ̀wé. Ó máa ń to pẹ́ńsùlù rẹ̀ kó tó jókòó, ó sì máa ń dúró kí àwọn yòókù sọ̀rọ̀ tán kó tó na ọwọ́. Ṣùgbọ́n kì í jẹun. Á gba àwo, á kúnlẹ̀ dúpẹ́, á gbé e lórí itan, á sì máa wò ó. Bí mo bá gbé ojú kúrò lára rẹ̀ tí mo tún wò ó padà, àwo ti ṣófo, ẹnu rẹ̀ kò sì ní epo.

A ní fọ́ọ̀mù kan tí à ń kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Orúkọ ọmọ wà ní ìlà kan, wíwá rẹ̀ ní ìlà kejì, ìwà rẹ̀ ní ìlà kẹta. Èmi ni mò ń fọwọ́ sí i. Mo kọ síwájú orúkọ Rozalí pé, "Ó ń kọ oúnjẹ." Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi kọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Mo rò pé bó bá ṣàìsàn, wọ́n á ní èmi ni mi ò kíyè sí i.

Ọjọ́rú kan, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Rozalí ń bọ̀, ó di àpò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Rozalí, kí ló wà nínú àpò?"

"Ìwé ni, Tàtá."

"Ìwé tó ń jo epo?"

Lóòótọ́, epo ọbẹ̀ ti rin ìdí àpò náà. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ pátá níbí, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú: ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi. Àwàdà mi àkọ́kọ́ nìyẹn lórílẹ̀-èdè yẹn tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí. Fún ìṣẹ́jú kan, mo dà bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Mo ní kó tú àpò náà. Ọ̀rá dúdú kan ló wà níbẹ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà inú rẹ̀ pé pérépéré, ẹja orí rẹ̀ kò sì kúrò níbi tí Màmá Kolẹ́tì gbé e lé.

"Olè!" ọmọkùnrin kan pariwo. "Olè ẹja!"

"Ó fẹ́ lọ tà á ní gáréèjì!" ẹlòmíràn ní. "Rozalí, èló ni?"

Rozalí ń wo ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo gbé ohun tí kì í ṣe tèmi. Màmá Kolẹ́tì yọjú láti ilé ìdáná, ó ní kí wọ́n panu mọ́, ó sì sọ fún Rozalí pé, "Oúnjẹ mi kò dára tó láti jẹ níbí, àbí?" Ọmọ náà mi orí pé rárá. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tó ń sọ ni pé oúnjẹ náà kò dára, àbí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: "Ó jí oúnjẹ gbé." Mo fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Mo mọ̀ pé bí irú rẹ̀ bá wọ ìlà ìwà, wọ́n á yọ orúkọ ọmọ náà lópin sáà, wọ́n á fi ọmọ míràn rọ́pò rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ á sì dópin síbẹ̀, torí ìyá àgbà rẹ̀ kò lè san án. Mo mọ̀, mo sì kọ ọ́. Mo rò pé olóòótọ́ ni mí.

Ní Sátidé, Rozalí kò wá. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, kò wá. Bí ọmọ bá pa ẹ̀ẹ̀mejì jẹ, a gbọ́dọ̀ lọ bẹ ilé rẹ̀ wò, nítorí náà mo lọ.

Ìyá àgbà náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó na ẹsẹ̀ kan tó wú síwájú, ó ń ṣa kajú sínú ọpọ́n méjì, odindi sí ọ̀kan, fífọ́ sí èkejì. Sùtánà funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ́ ju ohunkóhun nínú ilé náà lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ìṣà ló fi dá mi lóhùn, ó sì rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, kó lè yé mi.

"Ìwọ ni Nàgó tó pe ọmọ mi lólè."

"Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mi ò fẹ́ kó rí báyẹn, ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà, mo tiẹ̀..."

"Jókòó. Ọrùn ń dùn mí, mi ò lè máa wòkè wò ọ́."

Mo jókòó sórí àpótí kékeré kan.

"Ìyá rẹ ń bẹ láyé?"

"Ó ń bẹ ní Ṣakí, mà."

"Ó tọ́ ọ?"

"Ó tọ́ mi, mà."

"Nígbà tó o wà ní kékeré, bí ará ìta bá fún ọ lóúnjẹ, níbo lo ti ń jẹ ẹ́?"

Mo rí ara mi ní àdúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín nínú ewé tí aládùúgbò kan fún mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e délé. Ìyá mi tú u, ó wò ó, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó dúró, ó wá ní, "Ó dáa, jẹ ẹ́." Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo jẹ àkàrà ẹlẹ́kàrà lójú ọ̀nà kí n tó délé, ìyá mi sì fi epo pupa rọ mí lọ́fun títí mo fi bì í. Ó ń sunkún bó ṣe ń rọ mí. Mo mọ gbogbo èyí. Inú ara mi ló wà. Kí ló wá ṣe mí tí mi ò rí i lára ọmọ ẹlòmíràn? Mo ti rò ó títí, ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé mo ti bọ́ sí ẹ̀yìn ìkòkò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fúnni lóúnjẹ, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ kì í rò ó pé ẹnikẹ́ni lè máa bẹ̀rù ọwọ́ òun.

"Mà," mo ní, "ilé la ti ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí ìyá wa bá ti tọ́ ọ wò."

"Ó wá jí i? Lọ́wọ́ ta ló ti jí i? Ẹ̀yin kọ́ lẹ fún un?" Ó ju kajú kan sínú ọpọ́n. "Èkúnwọ́ kan ni mo ń bù. Mo tọ́ ọ wò, mo gbàdúrà sí i, mo ní kó jẹ ẹ́. Gbogbo ìyókù ló ń jẹ. Ṣé mo jọ ẹni tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ?"

"Rárá, mà."

"Mi ò mọ ẹni tó sè é. Mi ò mọ ọkàn rẹ̀."

"Màmá Kolẹ́tì ló sè é, mà. Èèyàn dáadáa ni."

"Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibí."

Rozalí wà nínú yàrá, ó fara pamọ́ sẹ́yìn sùtánà náà, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà náà rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "O ti kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Mo ti kọ ọ́, mà."

"Lọ pa á rẹ́."

"Kò rọrùn báyẹn, mà. Wọ́n ti fi ránṣẹ́."

"Ọwọ́ ta ló kọ ọ́?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kajú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò lọ sí Bantè. Pásítọ̀ jókòó sí ìloro rẹ̀, ó ń tún bàtà ọmọ rẹ̀ ṣe. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ará Bantè gan-an ni, ìyẹn ló sì mú kó nira láti bá a jà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo rí i pé kò tíì sọ̀rọ̀.

"Ó ti yé mi látìgbà àkọ́kọ́," ó ní. "Èmi náà, ìyá mi ní ń tọ́ tèmi wò. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, fọ́ọ̀mù rẹ ti dé olú ilé iṣẹ́. Ohun tó o kọ ni wọ́n rí. Wọn ò rí mọ́ínmọ́ín."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn, sà."

"Tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á bi mí pé: ṣé ìgbà yẹn ló purọ́ ni, àbí ìgbà yìí? Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Ìwọ nìkan lo lè kọ̀wé pé o ṣe àṣìṣe. Tó o bá kọ ọ́, ọ̀rọ̀ á kúrò lórí ọmọ náà, á bọ́ sórí tìrẹ. Wọ́n lè ní kó o padà sílé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mi nígbà yẹn, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn. Kó o padà sílé! Láti oṣù kẹta ni mo ti ń fi ọkàn bẹ̀bẹ̀ fún un. Kíá ni mo sì tún rí ìyá mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn màmá ń bi í pé kí ni míṣọ́nnárì wọn ṣe tí wọ́n fi dá a padà. Mo rí àwọn aṣọ tí wọ́n rán fún mi, tí mo tún kó wọn bọ̀. Ilẹ̀kùn tí mò ń wá ṣí, ìtìjú ìyá mi ló sì dúró lẹ́nu rẹ̀. Mo tún rò pé mo lè máa dákẹ́. Sáà á parí, Rozalí á lọ, ọmọ míràn á dé, ẹnikẹ́ni kò ní bi mí léèrè. Ọ̀nà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, torí ó tẹ́jú.

Mo gba bíírò Pásítọ̀, mo kọ lẹ́tà náà síbẹ̀ lórí ìloro. Mo kọ pé ọmọ náà kò jalè, pé èmi ni mo fi ẹ̀sùn kan ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, pé kí wọ́n má ṣe yọ orúkọ rẹ̀. Ó gùn jù. Pásítọ̀ kà á, ó ní, "O ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ojú ìwé kan," ṣùgbọ́n ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì fi pẹ́. Ní gbogbo àkókò náà mò ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ibùdó ní Ọjọ́rú àti ní Sátidé, mi ò sì yẹ àpò ẹnikẹ́ni wò mọ́. Màmá Kolẹ́tì rí i. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìkòkò ọbẹ̀ kọjá níwájú mi, kí èéfín rẹ̀ lè fẹ́ sí mi lójú.

Nígbà tí èsì dé, Pásítọ̀ fi fóònù kà á fún mi. Orúkọ Rozalí á dúró, ní àdéhùn pé ní ibùdó ni yóò máa jẹun bíi ti gbogbo ọmọ. Ní tèmi, wọn ò ní dá mi padà. Oṣù mẹ́fà ìdánwò tí wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ tuntun ni n ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọn ò sì ní kà á mọ́ ọdún méjì mi. Ẹni tó bá wà nínú ìdánwò kì í gba ìsinmi, nítorí náà mi ò ní lọ sílé fún Kérésìmesì.

Mo pe ìyá mi fúnra mi lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Mọ́mì, mi ò ní lè wá mọ́ o. Wọ́n ti fi oṣù mẹ́fà kún un."

Ṣé ẹ mọ̀ pé orí sípíkà ni mo tún wà? Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ó fi oṣù mẹ́fà kún un fún Olúwa!" Lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, ìyá mi sì ń kọ ọ́ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dúró dáadáa. Mo gbé fóònù mọ́ etí títí káàdì fi tán.

Ó wá ku bí Rozalí yóò ṣe jẹun níbẹ̀. Mo padà lọ bá ìyá àgbà rẹ̀. Mo rò pé á bú mi, ṣùgbọ́n ó béèrè ohun kan péré: "Wọ́n ti pa á rẹ́?" Mo ní wọ́n ti pa á rẹ́. Ó ní, "Wá ọ̀kadà fún mi ní Ọjọ́rú."

Èmi àti ọlọ́kadà ni a jọ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibùdó. Sùtánà funfun náà ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà láìní bàtà, torí wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ náà. Màmá Kolẹ́tì gbé àga wá, ó nu ún lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìyá méjèèjì wo ara wọn.

"Ìwọ lò ń sè é?"

"Èmi ni, Mama."

"Iyọ̀ rẹ pọ̀."

"Ẹ ò tíì tọ́ ọ wò!"

"Mo ń tọ́ ọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Ó ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, iyọ̀ rẹ̀ sì tún pọ̀."

Màmá Kolẹ́tì rẹ́rìn-ín tó mì gbogbo páànù. Ó bu àwo kan, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ìyá àgbà náà gbé ọwọ́ lé e, ó gbàdúrà ṣókí, ó bu èkúnwọ́ kan, ó jẹ ẹ́. A dúró. Rozalí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà. Ìyá àgbà náà gbé àwo náà lé e lọ́wọ́. "Jẹun." Ọmọ náà sì jẹun, níwájú gbogbo wa, ó jẹ ẹja náà kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ìyá àgbà náà pè mí. "Mi ò lè máa gun ọ̀kadà ní gbogbo Ọjọ́rú. Ẹsẹ̀ mi kò gbà bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Láti òní, ìwọ ni kó o máa tọ́ ọ wò fún un. Tó o bá ti jẹ ẹ́, èmi ni mo jẹ ẹ́. Tó ò bá sí ńbẹ̀, kò ní jẹ."

Mo fẹ́ sọ fún un pé àlejò ni mí, pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́fà ni mo ní, pé mi ò kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi irú nǹkan báyìí lé lọ́wọ́, pé òru kì í lọ kí n má ka ọjọ́ tó kù. Ó sì ń wò mí pẹ̀lú ojú ẹni tí kò ní ẹlòmíràn tó lè bẹ̀.

Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

Ní Sátidé, Rozalí dé, ó to pẹ́ńsùlù rẹ̀, ó gba àwo rẹ̀, ó gbé e lórí itan, ó sì ń dúró. Mo lọ jókòó tì í. Mo bu síbí kan, mo jẹ ẹ́. Ìyá àgbà náà kò purọ́, iyọ̀ pọ̀. Mo ní, "Jẹun." Ó bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ dìde, ọmọbìnrin tó jókòó tẹ̀ lé e ti àwo tirẹ̀ síwájú mi. Mo wò ó. Òun náà wá láti ìhà Bantè. Àwo rẹ̀ kún, kò sì tíì fọwọ́ kàn án. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ rí pé òun náà kì í jẹun níbẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Mo ní kó jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin tó pe Rozalí lólè ní ìjọsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rọra ti àwo tirẹ̀ wá, bí ẹni pé òun kọ́ ló tì í.

Mo tún jókòó. Àwo mọ́kànlá ni mo tọ́ wò lọ́jọ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú síbí rẹ̀, tí Màmá Kolẹ́tì sì ń pariwo láti ilé ìdáná pé kí n má tún sọ fún un lọ́la pé mi ò sanra. Nígbà tí mo parí, àwọn ọmọ tó jókòó ní ìlà kejì ti ń wò mí, àwo wọn lórí itan.